Gató (kéèkì) tó jọ iyán àti wàrà: ibi tí àṣírí ti máa ń tú

Alágàtó Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Funfun ló máa ń tú àṣírí gató oníyán. Iyán kì í funfun bí ẹfun. Tí pâte à sucre (ṣúgà pípò tí wọ́n fi ń bo gató) bá tó 500 gíráàmù, ẹ ki orí igi ìtayín bọ àwọ̀ ìyeyè lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ fi pò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé, kó rẹ gélátìn ṣíbí kékeré 2 sínú omi ṣíbí ńlá 3, kó gbé e lé omi gbígbóná títí á fi yọ́, kó bu oyin ṣíbí ńlá 1 sí i, kó wá dà á sórí ṣúgà lẹ́búlẹ́bú 500 gíráàmù. Oyin yẹn gan-an á pa funfun rẹ̀ díẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń sán. Ẹ fi magarínì pa ọwọ́, ẹ má fi ṣúgà kún un mọ́.

Ọmọ Kétu
Ẹ ṣé, Ìyá wa. Ti yíyan rèé. Abọ́ irin tó rí bí igbá ni kí ẹ lò, kó lè di òkìtì iyán tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Bọ́tà, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, 250 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyin 5, levure chimique (páúdà tó ń mú gató wú) ṣíbí kékeré 2. Àárín abọ́ jìn, ooru kì í tètè débẹ̀. Tí iná bá wà ní 180, ẹ̀gbẹ́ á jóná, inú á ṣì máa ṣàn. Ẹ fi sí 150 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 70, ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ tó mọ́ gún un wò. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó bò ó. Iyán kì í sì í jọ̀lọ̀ bí ẹyin: ẹ fi ìka fà á níbì kan bí ibi tí wọ́n ti bu òkèlè.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Wàrà ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi poroporo ọkà bàbà pa láró pupa níta, ó funfun nínú, torí aró náà kì í wọnú. Ẹ yọ́ ṣokoléètì funfun 300 gíráàmù mọ́ crème (ọ̀rá mílíìkì) 100 gíráàmù, ẹ dà á sínú abọ́ kékeré roboto tí ẹ tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sí, kó dì nínú fíríìjì fún wákàtí 4. Ẹ kun gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó là á sí méjì. Ojú funfun tó bá yọ síta yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí ẹ fi òróró pò ni o, torí olómi kì í di ara ṣokoléètì mú. Ẹ fi kòkó lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ ra etí rẹ̀, kó dà bíi pé ó ti wọ epo gbígbóná.

Alágàtó Àjàṣẹ́
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún ọbẹ̀, ẹ sẹ́ jáàmù ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ kán àwọ̀ ọsàn sí i àti pupa tíńtín. Pupa máa ń jinlẹ̀ sí i tó bá sùn mọ́jú, ẹ tètè dáwọ́ dúró. Ẹ rún gató tó ṣẹ́kù sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gúsí, kó má dọ́gba. Jáàmù gaara ṣíbí kan, tí kò ní rírún nínú, ni epo tó léfòó. Etí abọ́ ni kí ẹ dà á sí. Ẹ má fi epo pupa gidi sí i o, òórùn rẹ̀ á borí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀pà gígún ṣe ẹ̀gúsí, kó sọ fún onínàáwó, torí àwọn kan ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà.

Ọmọ Kétu
Ṣé a lè da ọbẹ̀ sí i láti ilé?

Alágàtó Àjàṣẹ́
Rárá o. Kí ẹ tó gba Ìṣàkétẹ́ àti Ìpóbẹ́ dé Kétu, ọbẹ̀ á ti mì wọ abẹ́ iyán, á ti yọ́ ṣúgà ibẹ̀. Inú ike ni kí ẹ gbé e sí lọ́tọ̀. Iyán ò gbọdọ̀ wọ fíríìjì pẹ̀lú, torí á làágùn tó bá bọ́ sínú ooru. Wàrà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí àlejò bá ti ń jókòó.