Ọmọ ewúrẹ́ tí òtútù mú: ìgbà wo ni kí n fún un ní omi ọmú?

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Ewúrẹ́ bí ìbejì nínú òjò. Ọ̀kan ti ń mu ọmú. Èkejì, kílò kan péré, kò lè dìde. Ẹnu rẹ̀ tutù bí omi àmù. Tẹmómítà fi 36.5°C hàn, bẹ́ẹ̀ 39 ló yẹ. Mo ti nù ún gbẹ, ó wà nínú páálí pẹ̀lú ike omi gbígbóná méjì tí mo fi aṣọ wé, kó má bàa jó o. Mo ti fún omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki yẹn, jáde lára ìyá rẹ̀, 50 mílílítà, ṣùgbọ́n n kò tíì fún un mu: ikùn tútù kì í lọ oúnjẹ, omi ọmú náà sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé kó dé 37 ni, àbí 38? Bí kò bá lè fà á ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ti rọ́bà tí omi ọmú ń gbà kọjá gba ọ̀fun dé ikùn láìṣìnà? Wákàtí mẹ́ta rèé tí wọ́n ti bí i.