Àbójútó, àfojúfò, ìṣọ́: kí la máa pe iṣẹ́ ẹni tó ń wo ọwọ́ ìjọba káńtì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbé wá síbí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: ẹgbẹ́ wa ní Chicago fẹ́ pín ìwé àlàyé kékeré kan fún àwọn ará wa. Ìwé náà dá lórí bí ìjọba Cook County, káńtì tí Chicago wà nínú rẹ̀, ṣe ń gbani síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń náwó, àti àwọn tí òfin ní kí wọ́n máa wo ọwọ́ ìjọba náà. Gẹ̀ẹ́sì pe iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ní oversight. Mo bi yín pé kí la ó pè é. Àbúrò wa tó wà ní Houston ní àfojúfò ni. Bàbá wa láti Ìbàdàn ní rárá, àbójútó ni. Ẹlòmíràn tún gbé ajẹ́lẹ̀ wá. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi lónìí.

Kí n kọ́kọ́ mú àfojúfò kúrò lọ́nà, láì dá àbúrò wa lẹ́bi. Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní: ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹni náà fo ohun tó yẹ kó rí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá ò bá mójú tó nǹkan, á mójú kúrò lára rẹ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá ka "àfojúfò ìgbanisíṣẹ́ àti ìnáwó" nínú ìwé wa yóò rò pé ẹ̀sùn là ń fi kan káńtì.

Àbójútó ló gba àlàyé jù, nítorí ó dùn létí, rédíò sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ta là ń pè ní alábòójútó? Ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó gba ọmọ òrukàn tọ́ ló ń bójú tó o. Nínú ìjọ, Alábòójútó Àgbà ni olórí tí gbogbo pásítọ̀ ń tẹ́tí sí. Àṣẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìtọ́jú sì wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka àbá Bàbá wa fún ìyá àgbà kan ládùúgbò wa: "alábòójútó tó dá dúró lórí ìgbanisíṣẹ́ ní ìjọba káńtì." Inú ìyá dùn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ta ni mo lè rán sí i, kó bá mi gba ọmọ mi síṣẹ́?"

Mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá ò ṣì mí gbọ́ o. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn gan-an ni wọ́n gbọ́: alábòójútó ìgbanisíṣẹ́ ni ẹni tí ìgbanisíṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àwa a máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wọ̀ mí lára ni pé inú ìtàn káńtì yìí gan-an ló ti jáde. Abner Mikva, tó di aṣòfin àti adájọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbẹ̀yìn, máa ń sọ pé ní ọdún 1948, nígbà tí òun ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, òun wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù kan ní Chicago pé òun fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ ìdìbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi í pé, "Ta ló rán ọ?" Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ọkùnrin náà ní, "A ò fẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rán."

Ta ló rán ọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún ní Yorùbá, bí ẹni pé èdè wa ni wọ́n fi sọ ọ́! Nígbà tí mo ń wá orúkọ fún àṣà kí olóṣèlú máa pín iṣẹ́ ìjọba fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ojúsàájú ni ọ̀pọ̀ nínú yín kọ́kọ́ fún mi. Ojúsàájú fẹ̀ jù. Ìyá lè ṣojúsàájú láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, olùkọ́ lè ṣe é ní kíláàsì. Ohun tí à ń wí yìí ní ẹ̀rọ tirẹ̀: o ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò, ọ̀gá wọ́ọ̀dù kọ orúkọ rẹ ránṣẹ́, ìjọba gbà ọ́, ìwọ náà á sì tún ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ nígbà ìdìbò tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ má baà bọ́. Àbá mi ni pé kí a pè é ní ìgbanisíṣẹ́ ta-ló-rán-ọ. A máa ń fi odidi gbólóhùn sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ohun tó ní ká má fi sọ àṣà.

Ẹ̀rọ yìí ni Michael Shakman, agbẹjọ́rò kan ní Chicago, gbé lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1969. Ó ti díje láti wà lára àwọn tó fẹ́ tún òfin ìpìlẹ̀ Illinois kọ, láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ wọn so mọ́ ẹgbẹ́ ló ń ba ìdíje jẹ́ fún ẹni tí kò ní ẹgbẹ́. Ní 1972, àdéhùn kan wáyé tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí: wọn ò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí jẹ ẹ́ níyà nítorí òṣèlú. Ní 1976, ẹjọ́ mìíràn láti Cook County kan náà, Elrod v. Burns, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣẹ́rífù tuntun tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ti fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Republican dànù, ilé ẹjọ́ sì sọ pé lílé wọn bẹ́ẹ̀ tako òfin ìpìlẹ̀, àfi fún àwọn tó wà nípò tí wọ́n ti ń ṣètò ìlànà ìjọba. Àdéhùn lórí ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ dé sí ìlú Chicago ní 1983, ó dé sí káńtì ní 1994. Wọn ò tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Ní 2006, ilé ẹjọ́ fi ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò máa wo bí káńtì ṣe ń gbani síṣẹ́. Ní ọdún kejì, káńtì fúnra rẹ̀ ṣòfin tó dá ọ́fíìsì Independent Inspector General, olùṣèwádìí tó dá dúró, sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tú ìlú Chicago sílẹ̀ kúrò lábẹ́ àdéhùn náà ní 2014, ó tú àwọn ọ́fíìsì tó wà lábẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ káńtì sílẹ̀ ní 2018.

Ohun tó kàn wá níbí ni pé, ẹni tí ilé ẹjọ́ fi síbẹ̀ yẹn ò lè gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, kò sì lè lé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó ń wo, ó ń béèrè, ó ń kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí adájọ́. Inspector General náà, á ṣèwádìí, á kọ ìwé, á dábàá. Ẹni tí wọ́n kọ ìwé náà sí ló máa pinnu. Iṣẹ́ ojú àti ẹnu ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba ajẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wù mí, nítorí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni, ó sì ní ìtàn. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú Aláàfin nínú ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń pàṣẹ, ìlú ló sì ń bọ́ ọ. Ẹ bi àwọn ará Èkìtì bí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ṣe rí. Fábùnmi pa ti Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjí sì jà títí di 1893. Bí mo bá pe ẹni tí ilé ẹjọ́ rán ní ajẹ́lẹ̀, ọmọ Èkìtì tó bá ka ìwé wa á ti mọ ẹni tí òun máa kórìíra.

Ẹnì kan ní kí a lo "rí sí", nítorí ìwé ìròyìn máa ń kọ "ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó". Ó dára bí a bá ń lò ó bí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ: ìrísí ló máa dà, ìrísí sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àyẹ̀wò ńkọ́? Àyẹ̀wò a máa parí. Ayẹ̀wé-owó-wò á dé lọ́dún, á ṣí ìwé, á pa á dé, á lọ. Ohun tí à ń wá kì í lọ.

Ìṣọ́ ni mo fara mọ́. Ẹ wo ìdílé tí ó ti wá: aṣọ́bodè, aṣọ́gbó, aṣọ́lé. Aṣọ́bodè kọ́ ló ni ẹrù tó ń kọjá. Aṣọ́gbó kọ́ ló ni igi. Aṣọ́lé kọ́ ni onílé, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí onílé, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Èdè wa ti ya ẹni tó ń ṣọ́ kúrò lára ẹni tó ni ín, kí a tó dé ọ̀rọ̀ káńtì rárá. Bàbá wa kọ ọ́ pé olùṣọ́ àgùntàn ni pásítọ̀, pé àṣẹ wà níbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n àgùntàn yẹn, ti ẹlòmíràn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá wa ti bá mi gidi ni èyí: wọ́n ní "ìṣọ́ owó" á jẹ́ kí èèyàn rò pé ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà báńkì là ń wí, tàbí akápò. Wọ́n tún ní bí a bá sọ pé wọ́n ń ṣọ́ òṣìṣẹ́, ó ti dà bí amí. Òótọ́ ni méjèèjì. Bí ẹnì kan bá sọ pé "wọ́n ń ṣọ́ mi níbi iṣẹ́", ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ronú lé e fún ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rí ni pé ìṣe ló yẹ kí a ṣọ́, kì í ṣe owó tàbí èèyàn. Nítorí náà: ìṣọ́ ìnáwó àti ìgbanisíṣẹ́. Ìnáwó ni wọ́n ń ṣọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ń wo ọwọ́ ẹni tó ń ná an. Ìgbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe òtòṣì tó wá iṣẹ́ wá.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń yọ mí lẹ́nu ni àwọn òṣìṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi iwin pè. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan níbí tí wọ́n sọ ní Operation Haunted Hall, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tí iwin ń gbé. Ọ̀pọ̀ yín ní kí n kọ "ayédèrú òṣìṣẹ́" bí a ti ń gbọ́ ọ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rọra. Nílé, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni orúkọ tí kò ní èèyàn: ẹni tó ti kú, tàbí ẹni tí wọn ò bí rí, tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé síbì kan. Ti Chicago yàtọ̀. Èèyàn gidi ni, orúkọ rẹ̀ ni, ó ń gba sọ̀wédowó rẹ̀, kò kàn wá síbi iṣẹ́ ni. Kò sí ayédèrú kankan nínú orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí a pe irú èyí ní agbowó-má-ṣiṣẹ́, kí a sì fi òṣìṣẹ́ orí-ìwé sílẹ̀ fún orúkọ tí kò ní èèyàn. Ọ̀nà tí a fi ń mú méjèèjì yàtọ̀. Kíka orí àwọn òṣìṣẹ́ ní ojúkojú á tú òṣìṣẹ́ orí-ìwé fó. Agbowó-má-ṣiṣẹ́ á wá síbi orí kíkà, á fọwọ́ síwèé, á sì padà sílé.

Àwọn yòókù kò le. Ìwé tí àwọn tó lọ́wọ́ nínú ìgbanisíṣẹ́ ń fọwọ́ sí níbí pé òṣèlú ò wọ̀ ọ́, ìwé ìjẹ́rìí àìsí-òṣèlú ni mo pè é. Àwọn ipò tí òfin gbà kí olóṣèlú fi ẹni tirẹ̀ sí, ipò àyọsọ́tọ̀. County fúnra rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ní káńtì. Ìjọba ìbílẹ̀ á mú kí ará ilé máa ro owó tí ń ti Àbújá wá lóṣooṣù, nígbà tí káńtì yìí ń gba owó orí ilé àti ilẹ̀, tó ní ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, tí èèyàn inú rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn lánàá. Mo ka tuntun fún wọn: "àwọn tó ń ṣọ́ ìnáwó àti ìgbanisíṣẹ́ ìjọba káńtì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn ń wo ọwọ́ wọn nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló wá ń gbani síṣẹ́ gan-an?" Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé àyè iṣẹ́ sí, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Wọ́n ní, "Láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an?" Mo ní láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Wọ́n ní kí n bá ọmọ wọn kọ ọ́ ní Sátidé.