Ẹ má jẹ́ ká pe “claim” ní ẹ̀sùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà kọ, pé kí a gba “ẹ̀sùn” fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní claim nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé, ìyẹn kí ẹnì kan béèrè owó tàbí ọjọ́ tí àdéhùn fún un, kí a sì fi “ìlàjà” túmọ̀ arbitration, ìyẹn kí ẹni tí wọ́n jọ yàn dájọ́ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, pé kí ló dé tí a ó tún máa ṣẹ̀dá òmíràn. Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ “ẹ̀sùn” yìí ti dá iṣẹ́ dúró níṣojú mi rí.

Níbí ní Ìlọrin, iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò iye tí ilé kíkọ́ máa náni. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé alájà kan ní apá Tánkẹ́. Àwọn lébírà kò tíì gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ tí dígà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà lọ́wọ́ wọn. Àpáta ni. Ìlú tí àwọn àgbà ní ó gba orúkọ rẹ̀ lára òkúta tí wọ́n ń lọ irin sí, kò yẹ kí òkúta jẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì kò ní nǹkan kan. Wọ́n háyà ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì lọ sí i. Agbaṣẹ́ṣe wá kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi owó àti ọjọ́ kún ti òun. Bàbá tó ni ilé kò ka gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí n bá wọn yí lẹ́tà náà sí Yorùbá. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: “Ẹ̀sùn agbaṣẹ́ṣe lórí òkúta.”

Bàbá ní kí ọmọ àwọn kà á sétí àwọn. Kò tíì kà á kọjá àkọlé tí bàbá fi na ọwọ́ gba bébà náà. “Ẹ̀sùn? Kí ni mo ṣe? Ta ni wọ́n fi mí sùn?” Wọ́n ránṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin níbẹ̀ títí àwọn yóò fi mọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni iṣẹ́ fi dúró. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí mo yàn ló gbé e wọlé, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nínú èdè wa, a kì í sọ ẹ̀sùn kí ẹlẹ́ṣẹ̀ má wà. A ń fẹ̀sùn kan èèyàn ni, a ń fi èèyàn sun èèyàn ni. Ta wá ni ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkúta? Onílé kọ́ ló rì í mọ́lẹ̀, agbaṣẹ́ṣe náà kọ́. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe ń sọ kò ju pé: “Àdéhùn wa ní bí mo bá bá ohun tí ojú kò lè rí láti òkè pàdé, ẹ ó san owó rẹ̀. Mo ti bá a pàdé.” Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìbéèrè-ẹ̀tọ́”.

Àǹtí wa láti Omù-Àrán ní ìbéèrè kò ní agbára, pé ohun tí ọmọ iléèwé ń dáhùn nínú ìdánwò ni. Àǹtí mi, bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn yín láàárọ̀ kùtù pé “Mo wá béèrè owó mi”, ṣé ẹ ó sọ pé ìdánwò ló wá ṣe? Béèrè le ju tọrọ lọ dáadáa. Ẹni tó ń tọrọ mọ̀ pé wọ́n lè má fún òun, kò sì ní rí nǹkan kan wí. Ẹni tó ń béèrè ní ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé. “Ìjà-fún-ẹ̀tọ́” tí Àǹtí fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ìjà ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

Ìwé àdéhùn FIDIC, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ńlá káàkiri ayé, fúnra rẹ̀ ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Nínú ti ọdún 1999, abala 20 ló kó ìbéèrè-ẹ̀tọ́ àti aáwọ̀ (ohun tí Òyìnbó ń pè ní dispute) pọ̀. Nínú ti ọdún 2017, wọ́n fi ìbéèrè-ẹ̀tọ́ sílẹ̀ ní abala 20, wọ́n sì kó aáwọ̀ lọ sí abala 21. Ẹni tó fẹ́ béèrè gbọ́dọ̀ fi tó ẹnì kejì létí láàárín ọjọ́ 28 tó ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pàdánù rẹ̀. Aáwọ̀ kò tíì dé ìgbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá kọ̀ láti fún un ní ohun tó béèrè, tí òun náà sì kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀, ni aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, kí a kọ “ìfitónilétí”, kí a má kọ “nótíìsì”. Létí ayálégbé, nótíìsì kò ju kó-ẹrù-ẹ lọ.)

Ó yẹ kí “aáwọ̀” rọ̀ wá lọ́rùn. Èdè-àìyedè kéré sí i, gbólóhùn asọ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹjọ́ sì ti dé iwájú adájọ́. Èdè wa ti to àtẹ̀gùn yìí fún wa.

Ó ku arbitration. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlàjà kò ṣeé fi pamọ́: onílàjà ń là wọ́n ni, kò lè fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi rọ́pò ti ọdún 1988 ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 dárúkọ méjèèjì nínú àkọlé rẹ̀, arbitration àti mediation. Bí a bá pe méjèèjì ní ìlàjà, báwo la ṣe fẹ́ ka àkọlé òfin náà? Àwọn àlùfáà wa ní Ìlọrin náà kò da wọ́n pọ̀. Sulhu ni wọ́n ń pe kí ọ̀rọ̀ parí ní ìtùnbí ìnùbí. Tahkim ni kí ẹni méjì fẹnu kò sórí ẹnì kan pé kó dájọ́ fún àwọn. Mo fi “adájọ́ àjọyàn” sílẹ̀ fún ẹni yẹn, “ìdájọ́ àjọyàn” fún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ yàn án, nítorí náà ohun tó bá sọ mú àwọn méjèèjì. Kí “onílàjà” máa jẹ́ onílàjà lọ.

Èyí tí mo ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín lé lórí ni adjudication. Nínú FIDIC ti 2017, ìgbìmọ̀ kan tó ń gbọ́ aáwọ̀ ní ọjọ́ 84 láti sọ ìpinnu rẹ̀. Kíá ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 28 láti sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́ àjọyàn. Mo ń rò ó sí “ìdájọ́ fìdíhẹ”, bí a ṣe sọ ìjọba fìdíhẹ ní 1993. Ó bá ìtumọ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí bíríkìlà bá gbọ́ “fìdíhẹ”, yóò rò pé òun lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè jù wá lọ. Bébà tí a fẹ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí, tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ọgbà níbi iṣẹ́ kan ní òpópónà Pipeline kò ní jáde títí di ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti fi àyè sílẹ̀ lórí ìlà kẹrin.