Olú funfun ńlá tó ń hù lórí koríko l'Ádó, ṣé jíjẹ ni?

Ìyá Tèmi (Adó): Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Látìgbà tójò ti ń rọ̀ dáadáa ni olú kan ti ń hù lórí koríko níwájú ilé wa ní Ajílosùn, orí ẹ̀ fẹ̀ tó pèrèsé, funfun ni àmọ́ ó ní èépá búráùn lórí, ó tún ní òrùka lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àwọn máa fi se ẹ̀gúsí lálẹ́ yìí pé irú ẹ̀ làwọn ń tu lóko nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Tí kòkòrò bá ti jẹ lára ẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, kòkòrò ò ní jẹ májèlé. Tàbí kẹ́ ẹ fi àlùbọ́sà sè é, tí àlùbọ́sà ò bá dúdú kò séwu.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́: Rárá o, ẹ má jẹ́ kí màmá gbé e kaná! Ohun tí kòkòrò jẹ tí ò ṣe é ní nǹkan kan lè dá èèyàn dùbúlẹ̀, àlùbọ́sà náà ò lè sọ èyí tó léwu. Ẹ yí èyí tó ti gbó lójú dé kẹ́ ẹ wo abẹ́ orí ẹ̀, tó bá ti ń ṣe gíríìnì, Chlorophyllum molybdites nìyẹn, olú tó ní májèlé ni, orí koríko ilé àti pápá ló máa ń hù. Kékeré ẹ̀ ló ń tanni jẹ torí abẹ́ ẹ̀ ṣì funfun nígbà yẹn. Ẹ gé orí ọ̀kan, ẹ dojú ẹ̀ dé sórí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó di àárọ̀, lẹ́búlẹ́bú gíríìnì lẹ máa bá níbẹ̀. Olú ọ̀gán tí màmá mọ̀, tẹ́ ẹ bá walẹ̀ tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀, á gùn wọlẹ̀ títí débi ilé ikán.

Nọ́ọ̀sì Ìyìn: Wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́èyàn bá jẹ ẹ́ ni inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń bẹ̀rẹ̀, omi sì tètè ń gbẹ lára ọmọdé. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ kó tètè lọ ọsibítù, kó mú èyí tó kù dání kí wọ́n rí i. Ẹ má sì tu olú kankan lẹ́bàá títì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó máa ń fa lẹ́ẹ̀dì (irin olóró) inú ilẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Tèmi (Adó): Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn tó ti gbó ti ń ṣe gíríìnì lábẹ́ lóòótọ́, mo ti fi han màmá, wọ́n ti gbà. Ẹ̀fọ́ la fi se ẹ̀gúsí náà.