Ṣé èèyàn lè fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ nípa olè jíjà ní abúlé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Adéọlá_Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Sosiọ́lọ́jì ni mò ń kà ní OAU níbí, ọdún kẹta, ó sì ti yẹ kí n mú àkọlé projẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni olè jíjà láwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, torí ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá. Nígbà tá a wà ní kékeré tá a bá lọ lo họ́lídè, ìyá àgbà á kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ iye tó ń tà á, á wá gba oko lọ, tó bá fi máa dé nírọ̀lẹ́ owó ti wà nínú igbá, kò sì ní dín. Ní Disẹ́ńbà tó kọjá tí mo lọ, kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé, àwọn ọmọ ilé ló ń sùn tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Bàbá mi ní ṣé ọlọ́pàá ni mo fẹ́ ṣe ni, pé kí n wá nǹkan tó ń mówó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn kan ti fi irú ẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun rí?

Ẹ̀gbọ́n_Mọ̀ọ́rè:
Àbúrò, iṣẹ́ gidi ni o. Joseph Donnermeyer ní Ohio State ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣèwádìí ọ̀ràn dídá ní ìgbèríko nígbà tó jẹ́ pé ìlú ńlá làwọn onímọ̀ yòókù dojú kọ, òun àti Walter DeKeseredy jọ gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 2014. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá tìẹ mu jù ni William Freudenburg, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà. Ìlú mẹ́rin ló lọ wò ní ìwọ̀-oòrùn Colorado, èrò ti ya wọ ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn Craig, nítorí iṣẹ́ èédú àti iná mànàmáná. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò le rárá: nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé ìlú yìí, mélòó lẹ mọ̀? Ó wá rí i pé níbi tí èrò ya sí yẹn, àwọn èèyàn ò mọra wọn tó tàwọn ìlú yòókù. 1986 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Kì í ṣe pé èèyàn ibẹ̀ ṣàdédé burú o, ojú tó ń ṣọ́ni ló dín kù, ẹni tó máa rí ọmọ ọlọ́mọ lójú títì lásìkò ilé ìwé tó máa dá a dúró pé ọmọ ta nìwọ, ẹni tó máa mọ̀ pé arúgbó kan ò tíì ṣílẹ̀kùn látàárọ̀. Òkúta ìyá àgbà yín yẹn, ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀.

ỌmọOlóko_Òṣú:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ oko kòkó lèmi ní lápá Òṣú, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àjèjì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn wọ́n wọ oko wa lóru, ó ju igi ogún lọ tí wọ́n ká, èèpo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Gbogbo abúlé ní àwọn tó ń wa góòlù ni. Àwọn ọdẹ tẹ̀ lé ipa ọ̀kadà, ilé ẹni tá a jọ ń ṣèpàdé lóṣooṣù ló já sí! Ẹni tó ti òkèèrè wá ò lè mọ ọ̀nà oko wa nínú òkùnkùn, kò sì ní mọ ẹni tó máa ra kòkó tútù lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò ní bi í léèrè ibi tó ti rí i. Iwájú baálẹ̀ la ti parí ẹ̀, ó sanwó, kò dé tọ́lọ́pàá. Torí náà tó bá jẹ́ ìwé tọ́lọ́pàá nìkan lo lọ kà, wàá kọ ọ́ pé kò sólè lábúlé wa. Tó o bá dé ọ̀hún, fi ìwé ìbéèrè yẹn sínú báàgì ná, bá wọn jókòó fọ́ kòkó, ẹnu wọn á là fúnra ẹ̀.

Màámi_Láàgbó:
Ọmọ mi, ẹ ò tíì dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ. Níbí nÍfẹ̀ ni bàbá yẹn ti kọ́ni, inú ẹsẹ Ifá ló ti fa ọ̀rọ̀ asùwàdà yọ, pé èèyàn ò lè dá wà, ìṣùjọ ló ń mú wa jẹ́ èèyàn. Ó tún sọ̀rọ̀ gan-an nípa àjọbí àti àjọgbé. Abúlé tó o fẹ́ lọ yẹn, àjọbí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní báyìí àjọgbé ló pọ̀, ìwọ lọ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò okùn tó já. Má sì kàn béèrè olè nìkan, béèrè ẹ̀rù náà, torí ẹ̀rù lè pọ̀ níbi tí olè ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àti pé ìlú lè padà bọ̀ sípò o, wọ́n wo ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Delta ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí èrò iṣẹ́ lọ tán ìfọkàntán padà. Ní ti iṣẹ́, tó o bá gba PhD wàá kọ́ni, NISER, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wà nÍbàdàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtàwọn NGO náà ń gba irú yín. Ohun kan ṣá: má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tó o bá kọ lè mú kí wọ́n lọ lu ọmọ ọlọ́mọ.

Adéọlá_Ifẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n ní ká wá ní Sátidé, wọ́n fẹ́ fọ́ kòkó. Lálẹ́ àná èmi àti ìyá mi jókòó, a ka gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò ìyá àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Ìyá mi tí wọ́n bí síbẹ̀, mẹ́jọ péré ni wọ́n mọ ẹni tó ń gbé inú ẹ̀.