Polder: yanrìn ni àbí igbá ìgbọ́nmi?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Àbúrò wa tó ń kọ ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ ayé fún àwọn ọmọdé gbé ọ̀rọ̀ méjì síwájú wa lánàá. Ó fẹ́ pe Nẹ́dálándì ní "Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀", ó sì fẹ́ pe polder, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi níbẹ̀, ní "ilẹ̀ àfiyanrìndí". Èmi ò fara mọ́ ìkankan.

Ti àkọ́kọ́ ò gùn. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń pe orílẹ̀-èdè Montenegro ní Òkè Dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ nìyẹn? Hólándì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é náà kò pé. Ìpínlẹ̀ méjì péré ló ń jẹ́ Hólándì, ti Àríwá àti ti Gúúsù, nínú 12. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ọba Sípéènì jà mulẹ̀ pọ̀ nílùú Utrecht ní 1579, Hólándì ló lówó jù, bí orúkọ rẹ̀ ṣe bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Aṣọ tí àwọn ìyá wa lọ́jà ń pè ní Hollandis gan-an, ìlú Helmond ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, Helmond ò sì sí ní Hólándì. Ìpínlẹ̀ Brabant Àríwá ló wà. Ẹ má sọ fún aláṣọ o.

Ti polder lọ̀rọ̀ wà. Èkó ló wà lọ́kàn àbúrò wa, níbi tí wọ́n ti ń fa yanrìn dà sínú ọ̀sà títí ilẹ̀ á fi ga ju omi lọ. Ti Nẹ́dálándì kọ́ nìyẹn. Wọ́n á mọ odi yí omi ká ná, wọ́n á wá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Ilẹ̀ tó bá yọ, ìsàlẹ̀ adágún náà ni, kò ga rárá. Èèyàn lè wà nínú oko kó máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá lókè orí rẹ̀. Adágún ni Beemster títí di 1612, tí ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tó lé ní 40, fi gbọ́n ọn tán. Apá kan òkun Zuiderzee ni Flevoland tẹ́lẹ̀: 1932 ni wọ́n parí odi oníkìlómítà 32 tó sé ẹnu òkun náà, 1986 ló di ìpínlẹ̀.

A kúkú ní "gbọ́n". Ọlọ́kọ̀ ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ á sé odò kékeré, wọ́n á gbọ́n ọn títí ẹja á fi máa ta pọ́ún pọ́ún lórí ẹrẹ̀. Polder nìyẹn, àfi pé ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹja. Mo dá a lábàá pé ká pè é ní "ilẹ̀ àgbọ́ngbẹ". "Ilẹ̀ àgbọ́n" ì bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbàgbé àmì ohùn, ó di ti agbọ́n tàbí ti àgbọn.

Ẹ̀gbọ́n kan ní "gbẹ" parọ́, torí omi ṣì ń sun wọlé, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ sinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a gbọ́n gbẹ láàárọ̀, a ṣáà ń tún un gbọ́n nírọ̀lẹ́.

Torí ọ̀rọ̀ "gbọ́n" yìí kan náà ni mo fi kọ̀ láti pe àwọn ẹ̀rọ 19 tí afẹ́fẹ́ ń yí ní Kinderdijk, ní Nẹ́dálándì, ní "ọlọ afẹ́fẹ́". Omi ni wọ́n kọ́ wọn fún, kì í ṣe ọkà. Ẹ̀rọ ìgbọ́nmi ni.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn ju àgbọ́ngbẹ lọ, kó mú un wá. Kó ṣáà má ti ní yanrìn nínú.