Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Boerboel mi
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú ilé o. Ọbàńtokò l'Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, mo ní ajá Boerboel kan, àwọn ajá ńlá South Africa tí wọ́n fi ń ṣọ́ oko yẹn, oṣù 8 péré ló wà, ó sì ti wọn kílò 48. Ooru ń dà á láàmú gan-an, tó bá ti di ọ̀sán á kàn na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè mú un jáde láàárọ̀ kí títì tó gbóná. Àmọ́ ohun tí ò jẹ́ kí n sùn ni pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Bọ̀dá àdúgbò wa ní kí n máa fún un ní calcium, ẹ̀rù ń bà mí torí àpọ̀jù ẹ̀ máa ń ba eegun ọmọ ajá ńlá jẹ́. Mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò sì gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin irú ẹ̀ rí, kí lẹ fi ń gbé tiyín? Ṣé kí n dá ìrìn àárọ̀ yẹn dúró ná?